Ọgbọ̀n Ọjọ́ Lẹ́yìn Abẹ

Adékúnlé ń pe nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀keje. Ó fi èjìká há fóònù mọ́ etí, ó sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ 7 sí ìlà kẹfà nínú ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Fóònù náà dún títí. Ó kù díẹ̀ kó gbé e sílẹ̀ ni ọkùnrin kan dáhùn láti Landover, ohùn rẹ̀ wúwo bí ohùn ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú.

Adékúnlé dárúkọ ilé ìwòsàn. Ó béèrè bí ara ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ọkùnrin náà ní ara òun yá. Ṣé ibà mú un? Rárá. Ṣé ọgbẹ́ rẹ̀ kẹ̀? Rárá. Ṣé ó wọ ilé ìwòsàn mìíràn lẹ́yìn ìgbà náà? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, lọ́sẹ̀ kejì, ẹsẹ̀ òun wú, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ló dì síbẹ̀, wọ́n sì dá òun dúró fún ọjọ́ mẹ́ta.

Adékúnlé dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì kọ ọ́: ẹ̀jẹ̀ dídì lẹ́sẹ̀. Ẹni kọkàndínlógún tí nǹkan ṣe nìyẹn nínú àwọn aláìsàn dókítà kan. Kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nǹkan kan tutù sí i lọ́kàn bí omi inú àmù.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn láti ọdún 2004. Dókítà márùn-ún ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ inú ní ilé ìwòsàn náà. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá ti pé tí wọ́n ti la ẹnì kan, Adékúnlé á ka fáìlì onítọ̀hún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lẹ́yìn náà á pè é nílé. Ẹni tó kú, ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ kẹ̀, ẹni tí ìfun rẹ̀ jò, ẹni tí wọ́n tún là lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo rẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀. Stephanie, obìnrin tó jẹ́ olórí ọ́fíìsì wọn, á ṣírò rẹ̀, á sì gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń tàsé. Òfin ni pé kí wọ́n pe aláìsàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí kò bá gbé e, wọ́n á kà á mọ́ àwọn tí nǹkan kan kò ṣe. Ìlà kẹfà nínú ìwé ni wọ́n ń kọ iye ìgbà tí wọ́n pè sí. Kò sẹ́ni tó ń ka ìlà kẹfà.

Òun fúnra rẹ̀ ti mú abẹ lọ́wọ́ rí. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣe é ní Ìbàdàn. Ó jẹ lọ́tìrì fisà ní ọdún 1997, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Ó ṣe ìdánwò àwọn dókítà ilẹ̀ Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó yege. Nígbà tó yege tán, kò sí ilé ìwòsàn tó fẹ́ gba ẹni tí irun rẹ̀ ti ń funfun wá kọ́ṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó di akọ̀wé. Kò ráhùn. Ó ra ilé kékeré kan sí Lanham, ó rán ọmọ méjì lọ sí yunifásítì, ó gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ni Akínwùmí dé.

Ní ọdún 1988, ní Ìbàdàn, Akínwùmí jẹ́ dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, abẹ́ Adékúnlé ni wọ́n sì fi í sí. Adékúnlé ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ta kókó. Bí kókó bá dẹ̀, á fi ẹ̀yìn sísọ́ọ̀sì gbá a níka. Ọmọ náà kò pẹ́ níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré ló lò kó tó gba ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Amẹ́ríkà, ọjọ́ orí rẹ̀ sì kéré nígbà náà tó láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ní oṣù kìíní ọdún 2005, wọ́n gbà á sí ilé ìwòsàn tí Adékúnlé ti ń ka fáìlì. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, níwájú àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n rò pé ó ṣubú ni, wọ́n sáré wá. Adékúnlé fà á dìde. Ì bá sàn fún un bí ọmọ náà bá gbójú kọjá lọ.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Lanham ńkọ́? Kí Akínwùmí tó dé, bí ẹnikẹ́ni bá ké sí Dókítà, Adékúnlé ló ń yíjú. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, bó bá yíjú, òun kọ́ ni wọ́n ń pè. Ó jáwọ́ nínú yíyíjú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Bàbá Fẹ́yìsayọ̀. Orúkọ rere ni, ọmọ rẹ̀ ni Fẹ́yìsayọ̀. Màmá Mobáyọ̀ nìkan, arúgbó kan tó máa ń jókòó ní ìjókòó kejì láti iwájú, ni kò yí ìpè tirẹ̀ padà. Dókítà ló ṣì ń pè é.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Adékúnlé kò jiyàn. Àkísà náà ló wà lọ́wọ́ òun.

Kò pinnu ohun tó ń ṣe. Ó kàn jẹ́ pé lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn tí Akínwùmí là kò gbé fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ni ó bá tún un pè lẹ́ẹ̀kẹrin. Onítọ̀hún gbé e, ó sì ní ọgbẹ́ òun kẹ̀. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ń ka fáìlì àwọn tí Akínwùmí là lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́fà, lẹ́ẹ̀meje. Bí wọn ò bá gbé e, á wá dókítà tó ń tọ́jú wọn nítòsí ilé, á bi í. Ti àwọn dókítà mẹ́rin yòókù, á pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Bí wọn ò bá gbé e, á kọ 1, á pa ìwé náà dé. Kò purọ́ kankan. Gbogbo ohun tó kọ nípa Akínwùmí ló ṣẹlẹ̀. Ohun tí èèyàn bá wá náà ló ń rí.

Abísọ́lá ìyàwó rẹ̀ ṣàkíyèsí rẹ̀. Wọ́n ń jẹun, Adékúnlé sì tún ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó dì lẹ́sẹ̀ ará Landover.

"Orúkọ ọmọ yẹn nìkan lẹ máa ń gbé bọ̀ wá sílé," obìnrin náà wí.

"Iṣẹ́ mi ni."

"Àwọn márùn-ún niṣẹ́ yín, Bàbá Fẹ́yìsayọ̀. Mi ò mọ orúkọ mẹ́rin yòókù títí dòní."

Ó bu omi mu.

Ní oṣù keje ọdún 2006, Stephanie ṣírò ti ọdún kan àbọ̀. Ó pe Adékúnlé wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní nínú ogóje èèyàn tí Akínwùmí là, mọ́kàndínlógún ni nǹkan ṣe. Nínú àwọn yòókù, ẹni tó burú jù kò ju mọ́kànlá lọ. Ó ní ìgbìmọ̀ máa jókòó ní Ọjọ́bọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n gba iṣẹ́ abẹ ìfun kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún, kò sí ilé ìwòsàn tó máa tún fẹ́ ẹ. Ó ní ó ku ìwé ẹnì kan ṣoṣo tí ọgbọ̀n ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, obìnrin arúgbó kan ní Riverdale Park. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa pé.

Adékúnlé mọ̀ ọ́n. Màmá Mobáyọ̀ ni.

Kókó kan ló hù sínú ìfun màmá náà. Ọ̀dọ̀ Akínwùmí ló gbé ikùn rẹ̀ lọ. Adékúnlé mọ̀ dáadáa pé kò sí abẹ lọ́wọ́ òun mọ́. Síbẹ̀, nígbà tó gbọ́ ọ, ó ṣe é bí ìgbà tí wọ́n bá ta ọjà tó ti dúró dè fún ẹlòmíràn.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó pè é lẹ́ẹ̀kan, màmá náà sì gbé e.

"Dókítà! Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàwó ńkọ́?"

Ó ní àlàáfíà ni. Ó béèrè àwọn ìbéèrè rẹ̀ bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé. Ibà? Màmá ní kò sí. Ọgbẹ́? Ó ti jiná.

"Ara dá ṣáṣá. Ẹ ò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí mo jó ni?"

Ó wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì lẹ́yìn abẹ ni màmá ti ṣe ìdúpẹ́, ó jó dé iwájú pẹpẹ, ìjọ sì bá a yọ̀. Akọ̀wé mìíràn nílé iṣẹ́ náà, ará Amẹ́ríkà, ì bá kọ ọ́ pé nǹkan kan kò ṣe é, ì bá sì lọ jẹun ọ̀sán. Ṣùgbọ́n Adékúnlé mọ àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹni tó ti jó ìdúpẹ́ níwájú ìjọ kò ní padà wá sọ pé ó kù síbì kan. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti sọ ìdúpẹ́ di irọ́. Ó sì gbọ́ nǹkan mìíràn. Láàárín gbólóhùn kan sí èkejì, màmá náà ń mí bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn, bẹ́ẹ̀ ó ti sọ pé òun jókòó ni.

Òfin kò gbà á láyè láti lọ sílé aláìsàn. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Ilé náà wà lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù ojú títì Route 1, nítòsí ojú irin. Mobáyọ̀, ọmọ màmá náà, ti lọ ibi iṣẹ́. Nígbà tí màmá ṣílẹ̀kùn, òórùn Dẹ́tọ́ọ̀lù gba ẹnu ọ̀nà. Òórùn mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tí Adékúnlé kò gbóòórùn rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Màmá so ìró rẹ̀ dẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ikùn.

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó, Màmá."

"Kí lẹ fẹ́ wò?"

"Ohun tẹ́ ẹ fọwọ́ bò."

Màmá wò ó lójú. Ọkọ̀ ojú irin kọjá, àwọn ife inú àpótí mì.

"Ẹ ò ní kọ ọ́ sínú ìwé yín?"

Adékúnlé fa àga kan wá fún un.

"Ọmọ yẹn ṣe dáadáa sí mi," màmá wí. "Nígbà tó wò ó kẹ́yìn, ó mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n torí ikùn mi bá a wí."

Ó jókòó nígbẹ̀yìn, ó sì tú ìró. Ọgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti òkè ìdodo lọ sísàlẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ́n, ó ń dán, ọyún sì ń yọ níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ni màmá ti ń fi omi gbígbóná àti Dẹ́tọ́ọ̀lù wẹ̀ ẹ́ ní bálùwẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó jí.

Ó di ogún. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sọ́kàn Adékúnlé nìyẹn, inú rẹ̀ sì dùn. Ó kúnlẹ̀ síwájú arúgbó tó ń gbàdúrà fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọyún wà lójú rẹ̀, inú rẹ̀ dùn.

Lẹ́yìn náà ló rí àpá òwú. Ihò abẹ́rẹ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìdajì ìka sí ìdajì ìka, wọ́n tẹ̀ léra bí eyín àgbàdo, wọ́n sì fún pinpin. Yàtọ̀ sí Akínwùmí, kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo ilé ìwòsàn náà tó ń rán awọ bẹ́ẹ̀. Adékúnlé ló ni irú rírán yẹn. Ní Ìbàdàn, ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n rán an pa. Báńdéèjì kò tó, eṣinṣin pọ̀, ọ̀nà ilé aláìsàn jìn, ẹni tó bá lọ lè má padà wá. Níbí, bí wọ́n bá la ìfun, wọ́n máa ń fi awọ sílẹ̀ láìrán fún ọjọ́ mélòó kan kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, kí ọyún má bàa há sábẹ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì á sì máa wá sílé wá wẹ̀ ẹ́. Ó ti ń kà á nínú fáìlì àwọn mẹ́rin yòókù láti ọdún méjì. Kò sọ ọ́ fún ọmọ náà rí.

Ó rọra gbé màmá sínú mọ́tò, ó wà á lọ sí ilé ìwòsàn. Kò sọ̀rọ̀ lọ́nà. Màmá ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì má ṣe gbọ́.

Akínwùmí sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú fìlà iṣẹ́ abẹ lórí. Ó dọ̀bálẹ̀ kí màmá, ó fún un ní abẹ́rẹ́ tí ń pa ìrora, ó fi abẹ kékeré ṣí ìsàlẹ̀ ọgbẹ́ náà, ọyún sì tú jáde kún àwo kan. Ọwọ́ rẹ̀ yá, kò sì gbọ̀n. Adékúnlé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìka òun náà ń ṣe bí ẹni fẹ́ mira, ó tì wọ́n bọ àpò.

Nígbà tí ó parí, Akínwùmí wá bá a.

"Ẹ ṣeun, sà. Ká ní ó lo ọjọ́ méjì sí i, ì bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Mo tún ti rán an pa nígbà tí mo là á. Bí ẹ ṣe kọ́ wa náà ni. Wọ́n sọ fún mi níbí pé kí n máa fi í sílẹ̀, ọwọ́ mi kọ̀ ọ́."

"Ìbàdàn nìyẹn," Adékúnlé wí.

Ó padà sí tábìlì rẹ̀, ó kọ ti màmá sínú ìwé. Ogún.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n jókòó yí tábìlì gígùn kan ká. Wọ́n fi Adékúnlé sí ìpẹ̀kun rẹ̀ pẹ̀lú àpótí ìwé, bí wọ́n bá fẹ́ yẹ nǹkan wò. Stephanie ka iye náà. Akínwùmí kò jiyàn. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó kù gbà á rò, ó ní ogún ti pọ̀ jù, bóyá akọ̀wé tó kà á kò mọ ohun tó ń kà. Akínwùmí dá a lóhùn. Ó ní akọ̀wé tí wọ́n ń sọ yẹn, òun ló kọ́ òun níṣẹ́ abẹ. Bó bá ní ogún ni, ogún ni.

Gbogbo ojú yí sí ìpẹ̀kun tábìlì.

Adékúnlé wo Akínwùmí. Ọmọ yìí ti gba abẹ. Ó ti gba Dókítà lẹ́nu àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti gba ikùn Màmá Mobáyọ̀. Ohun tó kù fún òun kò ju pé òun kì í purọ́ lọ, ìyẹn náà ni ọmọ yìí wá ń bù fún un ní gbangba bí ẹni ń bu oúnjẹ fún àlejò. Bí òun bá dákẹ́, ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ Akínwùmí máa parí. Kò sí ẹni tó máa béèrè nǹkan kan. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí àpótí.

"Ẹ ka ìlà kẹfà," ó wí.

Stephanie kò gbọ́ ọ yé. Ó tún un sọ. Obìnrin náà mú ìwé àwọn tí Akínwùmí là, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè: méje, mẹ́fà, méje, méje, márùn-ún. Ó mú ti àwọn yòókù: ọ̀kan, ọ̀kan, méjì, ọ̀kan, ọ̀kan. Ó kà á dé ìwé bí ogún, ó sì gbé wọn sílẹ̀. Ó bi Adékúnlé pé kí ló fà á.

"Òótọ́ ni ogún yẹn. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ nìkan ni mo wá. Mi ò wá tiwọn."

Wọn ò bi í pé kí ló dé tí kò fi wá tiwọn. Stephanie ń wo ìwé. Akínwùmí wo ilẹ̀. Òun mọ̀ ọ́n.

Wọ́n sún ọ̀rọ̀ náà síwájú. Stephanie kò lé e. Ó fún un ní ìwé ìkìlọ̀, ó sì ní kó mú ìwé gbogbo àwọn tí kò rí nínú àwọn aláìsàn dókítà mẹ́rin yòókù, kó pè wọ́n lẹ́ẹ̀meje bó ṣe pe ti Akínwùmí. Ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́rin ni wọ́n. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, obìnrin náà á fa àga rẹ̀ wá, á jókòó, á ka ìlà kẹfà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Adékúnlé pè. Wọ́n ń gbé e lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀karùn-ún. Ọgbẹ́ tó kẹ̀ ní College Park. Ìfun tó jò, tí wọ́n tún un ṣe ní ilé ìwòsàn mìíràn. Obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ gbé fóònù, tó ní màmá òun ti kú láti ọjọ́ kọkànlá. Bí ó ṣe ń kọ wọ́n ni ti àwọn mẹ́rin ń pọ̀ sí i, ti Akínwùmí sì ń dára sí i. Ìpè kọ̀ọ̀kan dà bí ẹni ń ti mọ́tò ọ̀tá gun òkè. Ó ń tì í. Kò fo ẹnì kan.

Nígbà tí Stephanie tún ṣírò, ọ̀kan nínú wọn ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, òmíràn ní mẹ́tàlélógún. Akínwùmí di ẹni kẹta nínú márùn-ún, kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni tirẹ̀ fi ju ti gbogbo wọn lọ: ọgbẹ́ kíkẹ̀ lábẹ́ awọ. Adékúnlé mọ ẹni tó ni ìyẹn.

Akínwùmí yà sí ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò jókòó. Ó ní òun ti ń fi awọ sílẹ̀ báyìí. Adékúnlé ní ó dáa. Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọgbẹ́ màmá jiná láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ó gbà á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò ṣe ìdúpẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ó ké sí Dókítà láti ìjókòó kejì. Adékúnlé àti Akínwùmí ló yíjú. Adékúnlé padà wo iwájú rẹ̀.

Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, ó to àwọn ìwé padà sínú àpótí. Nínú ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́rin, mọ́kànlá ló kù tí wọn kò gbé fóònù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 7 ló wà ní ìlà kẹfà ìwé gbogbo wọn.